ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Òkè àti Etíkun tó ń bọ́ Ọjà Sandaga

Ọjà Sandaga ní Douala, Kamẹrúùnù, ni àwọn alátùntà ti ń ra tòmátì, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì. Púpọ̀ nínú wọn ń ti ilẹ̀ òkè wá, bíi Foumbot, níbi tí eérú òkè oníná àtijọ́ ti sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá.

Ilẹ̀: Òkè Kamẹrúùnù, tó wà létí òkun, ga ju mítà 4,000 lọ. Ó yọ iná ní 1999 àti 2000. Afẹ́fẹ́ òkun tó ń kọlù ú máa ń di òjò: ní Debundscha, lẹ́sẹ̀ òkè náà, òjò ọdún kan tó nǹkan bíi mílímítà 10,000.

Ìṣàkóso: Ẹkùn 10 ni Kamẹrúùnù ní. Ààrẹ ló ń yan gómìnà wọn. Wọn kì í dìbò yàn wọ́n bíi ti Nàìjíríà. Douala ni olú ìlú ẹkùn Littoral, tó pín sí Wouri, Moungo, Nkam àti Sanaga-Maritime. Òkè Kamẹrúùnù wà ní ẹkùn Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, tí Buea jẹ́ olú ìlú rẹ̀.

Fi wéra: Ní Kòlóḿbíà, Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹkùn 3 ló pín òkè etíkun Santa Marta láàárín ara wọn: Magdalena, Cesar àti La Guajira.