Kì í Ṣe Òòbẹ̀

Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe tí ọ̀rẹ́ mi fi tù mí nínú nìyí, lọ́jọ́ tó bá mi ní yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí mo ń fi Linux rọ́pò Windows, ètò tó ń darí láptọ́ọ̀pù mi. Lójú tirẹ̀, ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń lo ohun ọ̀fẹ́. Inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi Linux ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, mo sì mọ̀ báyìí pé òwe yẹn kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, orí Linux ló ń ṣiṣẹ́ lé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, Linux ló ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lọ nínú àkójọ TOP500.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún 21 ni Linus Torvalds ní Yunifásítì Helsinki, ní Finland, nígbà tó kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1991, tó tú u síta kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè bá a tún un ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àgbájọ ọwọ́ náà ló sì gbé Linux dúró títí dòní.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni tèmi, mẹ́mórì rẹ̀ kò ju gíígà 4 lọ. Nígbà kan, bí mo bá tàn án, mo lè lọ pọn omi dé kó tó ṣe tán. Bí mo bá sì so ó mọ́ dátà fóònù mi kí n lè ka ojú ewé mẹ́ta péré, á ti fi dátà náà tún ara rẹ̀ ṣe láìbi mí léèrè. Linux Mint, ẹ̀dà Xfce tó fúyẹ́, ni mo gbé sórí rẹ̀. N kò ra nǹkan kan kún ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ ó yá ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Àtúnṣe ṣì ń dé, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń yan ìgbà tí yóò wọlé. Òru ni mo máa ń dá fún un, nígbà tí dátà kò wọ́n.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ gbọ́ mi, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Linux ṣe é tàn láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ. Tàn án bẹ́ẹ̀, kí o wò ó bóyá Wáífáì ń ṣiṣẹ́, bóyá ohùn ń jáde, bóyá kámẹ́rà ń ríran. Èmi kò dán an wò. Ìgbà tí mo gbé e wọlé tán ni mo rí i pé kò rí Wáífáì mi rárá. Okùn fóònù ni mo fi so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì títí mo fi rí ohun tó sọnù nínú rẹ̀ fi kún un. Ti ẹlẹgbẹ́ mi kan burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó tẹ ibi tó ní kí wọ́n nu gbogbo dísìkì, àkọsílẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà méjì sì bá a lọ. Kó ohun gbogbo tí o ní sí ibòmíràn kí o tó tẹ bọ́tìnnì kankan.

LibreOffice ni mo fi ń kọ iṣẹ́ mi. Ó ń ṣí ìwé tí wọ́n fi Word kọ, ṣùgbọ́n tábìlì àti ojú ewé àkọ́kọ́ máa ń yẹ̀ nígbà míràn. Nítorí náà, PDF ni mo ń gbé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Fláàṣì máa ń kó fáírọ́ọ̀sì bọ̀ láti ibẹ̀, tí yóò fi gbogbo fódà pa mọ́, tí yóò fi ayédèrú wọn síbẹ̀. Lórí Linux, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún Windows yẹn kì í ráyè ṣiṣẹ́, mo sì ń rí àwọn fódà náà bí wọ́n ṣe wà. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ló ti gbé fláàṣì wá bá mi nítorí èyí.

Inú mi dùn jù sí ètò kíbọọ̀dù tó wà nínú Linux. Nínú èyí tí wọ́n tò sábẹ́ Nàìjíríà, Yorùbá wà níbẹ̀, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Òun ni mo fi kọ àròkọ yìí, tàmì orí tàmì ìsàlẹ̀.

Bí ẹ̀ka rẹ bá ń lo ètò ìdánwò tí kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux, jẹ́ kí Linux àti Windows máa gbé inú ẹ̀rọ kan náà. Má sì da àṣẹ tí o kò lóye rẹ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ nítorí pé o rí i níbì kan. Béèrè, ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà.

Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ni kò sì lè gba Windows 11. Bí tìrẹ bá wà lára wọn, jọ̀wọ́, má tíì tà á. Wá fláàṣì gíígà 8 kan, kí o dán Linux wò lórí rẹ̀ ná.