Bogdan àbí Babátúndé?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ń gbé ní Pólándì, ọmọ ibẹ̀ ló sì fẹ́. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, wọ́n ní ọkùnrin ni. Àwọn àna wa ti mú Bogdan kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èṣí ni bàbá ọmọ mi wọlẹ̀. Babátúndé ló wà lọ́kàn tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ sọ ọmọ wa ní orúkọ tí kò nítumọ̀. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Àgbà, Ọ̀sì, Ìpínlẹ̀ Kwara.

ÌDÁHÙN: Mọ̀mọ́ wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní fún ìyàwó wa.

Ẹ fọkàn balẹ̀, Bogdan nítumọ̀. Ẹni tí Ọlọ́run fi tani lọ́rẹ ni. Olúwafúnmi lẹ lè pè é níbí. Àwọn ará Pólándì náà máa ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ di orúkọ: ògo Ọlọ́run wà nínú Bogusław, àlàáfíà àti ògo wà nínú Mirosław. Àdúrà ni àwọn àna yín ń gbà fún ọmọ yín.

Ohun tó gba ìṣọ́ra ni òfin wọn. Èyí tí wọ́n ṣe ní 2014 kò gba ju orúkọ méjì lọ nínú ìwé ìbí. Ó gba orúkọ ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ àgékúrú. Nítorí náà, kí Bogdan ṣe èkíní, kí wọ́n sì kọ Babatunde ní kíkún ṣe èkejì. Ẹ bá ọmọ yín sọ ọ́ báyìí kí ọmọ tó dé, torí ọjọ́ 21 péré ni òfin fún òbí láti forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Nǹkan kan tún wà. Lédè wọn, obìnrin àgbàlagbà ni “baba”, wọ́n sì máa ń fi bú ọkùnrin tó bá ń ṣojo. Kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi ṣe ẹlẹ́yà nílé ìwé, Túndé ni kí wọ́n máa pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Babatunde bọ́ lórí ìwé o. August Agboọlá Browne, tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1895, dé Pólándì ní 1922, ó di onílù jáàsì níbẹ̀, ó fẹ́ Zofia, wọ́n sì bí ọkùnrin méjì. Ryszard àti Aleksander ni orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí. Ta ni yóò gbọ́ ọ tí yóò fura pé Agboọlá ló bí wọn? Ó ká mi lára gan-an.

Àwọn orúkọ tí ìwé kò gbà kò ní í ṣòfò. Ẹ̀yin ará Ọ̀sì ẹ mọ̀ ju èmi lọ: Dàda ni wọ́n sọ ọ̀gá agbẹ́gilére ìlú yín tó kú ní 1954, ṣùgbọ́n Aréògún, àlàjẹ́ rẹ̀, ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó bá di ọjọ́ kẹjọ, kí ọmọ yín pè yín lórí fídíò. Ẹ gbé oyin, iyọ̀, obì àti ataare kalẹ̀ nílé níbẹ̀, kí ẹbí máa ju owó sínú omi, kí kálukú sọ orúkọ tirẹ̀, kí ẹ̀yin fún un ní oríkì. Ẹ jẹ́ kí àwọn àna yín fẹnu ara wọn sọ Bogdan, kí ẹ̀yin náà sì pè é tẹ̀lé wọn.