Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀, Ta Ni Ó Ni Omi? Àyẹ̀wò Òfin Ìlò Ilẹ̀, Ìfètò sí Ìlú àti Ìṣàkóso Omi ní Agbègbè Kúta

Ìfáárà

Kúta wà ní agbègbè Ìwó, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédìrè tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ilé-Ogbó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú Òwu ni, Olówu sì ni orúkọ oyè ọba tí ó ń jẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìtàn Yorùbá mọ̀ pé Òwu àtijọ́ fọ́ ní àwọn ọdún 1820, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Àwọn kan bá ara wọn ní Abẹ́òkúta, àwọn mìíràn tẹ̀dó sí ibòmíràn. Fún ìran tí ó ti rí irú ìfọ́nká bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ibi tí ènìyàn ń gbé, oko tí ó ń ro, ẹni tí ó fún un ní ilẹ̀ náà, àti odò tí ó ti ń pọnmi, ni wọ́n fi ń mọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò.

Iṣẹ́ yìí yẹ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 wò, pẹ̀lú bí ó ṣe kan ìfètò sí ìlú àti ìpèsè omi ní ìlú tí kò tóbi bí Kúta. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin náà, èdè Yorùbá sì ni ẹbí fi ń ṣe ìpàdé lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ ni ó ti bọ́ sọnù ní àárín èdè méjèèjì.

Ilẹ̀ ní Ojú Àṣà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Olórí ẹbí ni ó ń bójú tó o, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá a tà láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ẹbí. Lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọba ni ó ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọba ni aṣojú ìlú lórí ilẹ̀, kì í ṣe pé ó lè gba oko olóko fún ẹni tí ó wù ú. Ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọwọ́ sí èrò yìí ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, pe ìjọba amúnisìn. Wọ́n gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ tàbí ti ẹbí, àti pé ìjọba tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ó máa ń san, bóyá iṣu, àgbàdo, epo tàbí owó. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó ìyálé lásán; ẹ̀rí ni pé olùsanwó mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní olówó. Àgbẹ̀ lè wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìran mẹ́ta, kí ó gbin kòkó tàbí obì sí i, síbẹ̀ kí ó má di onílẹ̀. Igi jẹ́ tirẹ̀, ilẹ̀ kò jẹ́ tirẹ̀. Kí olùkọ́ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò padà dá lé bí a bá dé orí owó gbà-má-bínú.

Ohun tí Òfin Sọ

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé àṣẹ nọ́ḿbà 6 jáde. Àṣẹ yìí ni ó di Òfin Ìlò Ilẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 dáàbò bò ó, ti ọdún 1999 náà sì ṣe bẹ́ẹ̀, débi pé kò ṣeé yí padà bí òfin lásán. Abala kìíní rẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa mójú tó o fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

Níbi yìí ni èdè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà ọ̀rọ̀ rú. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ní ọjà àti ní ìpàdé ẹbí ni pé “Gómìnà ni ó ni ilẹ̀.” Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó súnmọ́ ohun tí òfin sọ ni alágbàtọ́. Alágbàtọ́ ń tọ́jú ọmọ, ó ń pàṣẹ fún un, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé òun ni òun bí i. Bí olùkọ́ bá lo “ni” níbi tí ó yẹ kí ó lo “dì mú fún”, ó ti gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń kọ́ láìmọ̀.

Òfin pín ilẹ̀ sí ọ̀nà méjì: ilẹ̀ ìgboro àti ilẹ̀ tí kì í ṣe ìgboro. Gómìnà ni ó ń ṣàkóso ti ìgboro, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí ó ń gbà á nímọ̀ràn. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń ṣàkóso èyí tí kì í ṣe ìgboro, òun náà pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ìgbélẹ̀ ti ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fún ẹnì kan ní ju hẹ́kítà 500 lọ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí 5,000 fún ìjẹko ẹran, láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Gómìnà ni ó sì ní agbára láti kéde ibi tí í ṣe ìgboro. Nítorí náà, ilẹ̀ kan náà lè kúrò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí ó bọ́ sábẹ́ gómìnà nítorí ìkéde kan ṣoṣo nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Ìlú tí ó ń gbòòrò, tí ilé rẹ̀ ń súnmọ́ oko, gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ tí ó ti ń dáko lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ìgboro kí òfin tó dé kò pàdánù rẹ̀. Abala 36 ní kí ó máa lò ó lọ bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fún un. Àwọn àgbẹ̀ kan tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ rò pé abala yìí ti sọ àwọn di onílẹ̀. Ẹjọ́ irú èyí láti Ìpínlẹ̀ Kwara dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ọdún 1991, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ẹjọ́ Abíóyè àti Yakubu. Ìdájọ́ náà ni pé òfin ọdún 1978 kò fi àlejò rọ́pò onílẹ̀. Ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ san án.

Owó Gbà-má-bínú

Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe ìsédò, ilé iṣẹ́ omi tàbí ọ̀nà, ó lè fagi lé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀. Abala 28 ni ó fún un ní agbára yìí. Abala 29 sì sọ ohun tí yóò san. Yóò san owó ilé, lẹ́yìn tí ó bá yọ iye tí ilé náà ti gbó kúrò. Yóò san owó irè oko àti igi tí ó ní iye lórí. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó ilẹ̀ tí ẹni náà san fún ìjọba ní ọdún tí wọ́n fagi lé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni yóò gbà padà. Àgbẹ̀ tí kò san kọ́bọ̀ fún ìjọba rí, kí ni yóò gbà? Orí kòkó àti ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nìkan ni owó wà. Ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ kí ó sinmi fún ọdún mẹ́rin, kò sí owó lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìsinmi yẹn gan-an jẹ́ ara iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò tún sí ibi tí òfin ti ka orísun omi tí ẹbí kan ti ń tọ́jú láti ìran dé ìran sí ohun tí ó ní iye.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, gbà-má-bínú, tún mú ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí a ń bẹ̀ kó má bínú ni a máa ń fún ní gbà-má-bínú. Ohun tí olùbẹ̀bẹ̀ bá mú wá ni ó gbà. Bẹ́ẹ̀, gbèsè ni ohun tí òfin ń sọ, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. “Owó ìdápadà” ìbá dára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbà-má-bínú ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ohun méjì wà nínú òfin tí àwọn ènìyàn kì í sábà gbọ́. Èkíní, bí ilẹ̀ tí ìjọba gbà bá jẹ́ oko tí ó wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, abala kẹfà ní kí ìjọba ìbílẹ̀ wá ilẹ̀ mìíràn fún àgbẹ̀ náà láti dáko. Kì í ṣe ojú rere, dandan ni. Èkejì, bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àwùjọ, gómìnà lè ní kí wọ́n san owó fún àwùjọ náà, tàbí fún ọba tàbí olórí wọn kí ó ná an fún àǹfààní gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà, tàbí kí wọ́n kó o sínú àpò kan tí a yà sọ́tọ̀. Ibi tí owó gbà wọlé ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti bí owó ṣe pọ̀ tó, abala 47 kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ dá sí i. Èyí ni ó le jù nínú gbogbo òfin náà.

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí àgbẹ̀ bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìsédò Kàǹjì tí ó parí ní ọdún 1968, nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò ní ibùgbé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ìlú tuntun fún wọn. Ní Bakolori, ní ìpínlẹ̀ Sokoto ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ di ọ̀nà iṣẹ́ nítorí ilẹ̀ àti owó tí wọn kò rí gbà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1980, àwọn ọlọ́pàá ṣíná ìbọn fún wọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò.

Omi

Ẹni tí ó bá mu omi Ìbàdàn lè máa mu omi tí ó ti gba ilẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá. Odò Ọ̀ṣun tí ó ṣàn láti ilẹ̀ Èkìtì wá ni wọ́n sé ní Aṣéjirẹ́ láti fi pèsè omi fún ìlú náà. Nítorí pé irú odò báyìí kọjá ìpínlẹ̀ kan, àṣẹ nọ́ḿbà 101 ti ọdún 1993 fi ìṣàkóso rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Àjọ Ìdàgbàsókè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, ni ó sì ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí. Ẹ wo bí ó ti rí: ilẹ̀ etí odò wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí gómìnà, omi inú odò wà lọ́wọ́ Àbújá, ẹni tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ sì rò pé bàbá òun ni ó ni méjèèjì.

Àṣà kò ya ilẹ̀ kúrò lára omi. Èèwọ̀ ni láti gé igi orísun odò ní ọ̀pọ̀ ìlú. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 75, tí UNESCO sì fi kún ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, jẹ́ àpẹẹrẹ ilẹ̀ tí ìgbàgbọ́ pa mọ́ fún omi. Síbẹ̀ igbó nìkan kò lè gba odò là. Ìwakùsà wúrà tí kò bófin mu ní ìhà Iléṣà sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, débi pé ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu ún.

Ìfètò sí Ìlú

Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé ìfètò sí ìlú jẹ́ iṣẹ́ ìpínlẹ̀. Ìlú kékeré ni ó nílò rẹ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni nǹkan kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìbàdàn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ẹkún. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé, ó lé ní igba ènìyàn tí ó kú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ilé tí ó ti wọ inú ọ̀nà omi dá kún àjálù méjèèjì.

Ní agbègbè Ìwó, ewu tí ó dákẹ́ jù ú lọ wà nínú kànga. Orí àpáta ni ilẹ̀ náà wà. Omi kò sí nínú àpáta bí kò ṣe ní ojú ìlà tí ó là, àti nínú erùpẹ̀ tí ó bò ó. Ìdí nìyí tí kànga kan fi ń gbẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tí ti aládùúgbò rẹ̀ kò gbẹ. Ẹbí tí ó bá ń ta ilẹ̀ máa ń pín in ní ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, èyí tí í ṣe nǹkan bí mítà 15 sí 30. Mítà 30 sì ni àwọn onímọ̀ ìlera máa ń dá lábàá pé kí ó wà ní àárín kànga àti ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè. Ìwọ̀n náà gba gùgùrù ilẹ̀ tí ènìyàn rà tán! Onílé lè gbé sọ́kàwéè rẹ̀ jìnnà sí kànga tirẹ̀, kí ó sì gbé e ti kànga ẹni kejì. Kò sí ẹni tí ó lè dá èyí ṣe ní ojúlé rẹ̀ nìkan. Kí wọ́n tó ta ilẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí ẹbí àti òṣìṣẹ́ ìfètò jókòó, kí wọ́n ya ilẹ̀ kànga, ojú àgbàrá àti ọ̀nà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ kì í mówó wá fún ọmọ onílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́.

Ìwé òfin fi kíkọ́ ọ̀nà àti gọ́tà sí ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Bí èyí bá ṣẹ, àwáwí àìlówó yóò dínkù.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Olùkọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lè mú ọ̀rọ̀ yìí wọ kíláàsì Yorùbá ní girama kékeré láìfi òfin sú àwọn ọmọ. Kí ó ní kí wọ́n ya àwòrán àdúgbò wọn, kí wọ́n fi kànga, ṣáláńgá àti ojú àgbàrá hàn, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn wọn àárín wọn. Kí wọ́n bi bàbá àgbà àti ìyá àgbà léèrè orúkọ odò kọ̀ọ̀kan àti èèwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: ẹbí onílẹ̀, àgbẹ̀ tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, àti obìnrin tí ó ń pọnmi. Ìjọba fẹ́ gba àkùrọ̀ kan láti fi ṣe ilé iṣẹ́ omi. Kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí yóò béèrè, kí àwọn tí ó ń ṣe ìjọba ìbílẹ̀ sì fi Yorùbá kọ ìwé ìkìlọ̀ tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ náà: ilẹ̀ wo ni, ìdí wo ni, iye wo ni wọn yóò san, àti ibo ni oko mìíràn tí wọn yóò fún un wà.