Ẹ Má Dá Ẹkún Náà Sun

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń dá ọmọ tọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbẹ̀bí, àṣìṣe kan náà ni mo sì ń rí: ìyá ọmọ á sunkún mọ́jú, bí ilẹ̀ bá mọ́, á ní kò sí nǹkan kan, torí ojú ń tì í pé bàbá ọmọ kò sí nílé.

Ẹkún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, tí oorun kò kùn yín kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, àìsàn ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àfọwọ́fà, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ lo ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14: ẹ sọ tiyín náà fún nọ́ọ̀sì. Bí èrò àtiṣe ara yín tàbí ọmọ léṣe bá wá, ẹ má dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́ o. Ẹ gbé ọmọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí òun tàbí ẹlòmíràn sì sìn yín dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ojú yín ni ọmọ ń wò; bí ìyá bá dákẹ́ pẹ́, ọmọ náà á dákẹ́. Ẹ máa kì í ní oríkì, ì báà jẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lónìí, ẹ bẹ ẹnì kan kó gbé ọmọ fún wákàtí 2, kí ẹ fi sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọṣọ.