Oore-ọ̀fẹ́ àti Òfin

Ká ní àgbẹ̀ kan ní Amuro ti fẹ́ ìyàwó méjì kó tó gba Jésù gbọ́. Ṣé a lè ṣe ìrìbọmi fún un?

Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà pàdé ní Lambeth, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní: rárá, kó ṣì máa kẹ́kọ̀ọ́ ná.

Ní 1988, Ìpàdé Lambeth gbà á láyè, bí ìjọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Kò pọn dandan kó lé ìyàwó kankan, nítorí ìyà tí yóò jẹ ẹni tó bá lé. Ṣùgbọ́n yóò ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn lójú ayé wọn.

Ẹ wò ó: oore-ọ̀fẹ́ ló ṣílẹ̀kùn; òfin ló ń tọ́ wa nínú ilé.

Ìbéèrè: Bí ó bá lé ìyàwó kejì, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?