Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù: èwo la ó gbà gbọ́?

Àwọn kan bi wá pé ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp àti Facebook yìí wúlò fún wa, àbí owó mẹ́ga la kàn ń jó dànù.

Ó wúlò. Ẹ wo ọjà Àjàrá tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún. Ẹni tó fẹ́ kó gàrí lọ síbẹ̀ lè bèèrè iye tó ń lọ lálẹ́, kó tó san owó ọkọ̀. Kí ẹ ṣáà bèèrè bóyá iye ti òní ni, torí àtẹ̀jíṣẹ́ kì í gbó lójú fóònù, owó ọjà ló ń gbó.

Ẹ rántí 2018, nígbà tí ìjọba wa ní ká máa san sẹ́fà 5 lórí mẹ́ga kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wo WhatsApp àti irú rẹ̀. Ariwo sọ lóṣù September. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti wọ́gi lé e. Ohun tí kò wúlò, ta ni í pariwo lé e lórí báyẹn?

Ọ̀rọ̀ ìlera ni kí ẹ wá fetí sí dáadáa. Lóṣù August 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń ti fóònù dé fóònù: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún, Ebola ò ní mú yín. Irọ́ gbáà ni! Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀, wọ́n ní ìròyìn sọ pé ó kéré tán èèyàn 2 ti kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Iyọ̀ àmujù ń fa omi gbẹ lára, ó sì burú fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹ̀gbọ́n ló ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò o, kì í ṣe ọ̀tá. Ohun tó lé Ebola lọ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21.

Torí náà, bí àtẹ̀jíṣẹ́ oògùn bá dé, ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé fóònù náà lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Bó bá jẹ́ ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́, bákan náà ni.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ jọ bèèrè: ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́, ọjọ́ wo sì ni?