Igi Ìṣáná Dípò Pẹ́ńsù

Ìyá àgbà kan lè ṣìnà oko tí wọ́n ti ń lọ láti kékeré. Níbí l'Óde-Ayé, àwọn kan á ní wọ́n ń ṣarán, ẹlòmíì á pè wọ́n ní àjẹ́. Ó sì lè jẹ́ àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ dementia.

Àwọn dókítà ní ìdánwò kékeré fún un. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, MMSE, jáde ní 1975. Máàkì 30 ni. Wọ́n á ní kéèyàn sọ ọjọ́ òní, kó rántí ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kó kọ gbólóhùn kan, kó ya àwòrán. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ò di pẹ́ńsù mú rí lè pàdánù máàkì, orí ẹ̀ sì pé! Ìyẹn ò dáa lójú tèmi.

Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oṣúntókun, Ògúnníyì àtàwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Yorùbá ni wọ́n fi bi àwọn àgbà ní ìbéèrè, wọ́n sì tún bi ará ilé wọn bóyá ìṣe Bàbá tàbí Màmá ti yí padà. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Baiyewu àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò igi ìṣáná jáde: wọ́n á to igi, àgbàlagbà náà á to tiẹ̀ bákan náà. Kò sí pẹ́ńsù ńbẹ̀.

Ẹni tí ò bá ṣe dáadáa, dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Etí dídi náà lè ba máàkì jẹ́.